Jíjọ Kọ́ Ni Bíbáramu: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀yà Iná Ọkọ̀ Wa Tó Ti Dàgbà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ibi tí àgbà kan ti ní kí a lọ ra èèpo ẹ̀pà jọ ní páálí kan nítorí àtisìnkú. Jíjọ lọ́tọ̀, bíbáramu lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí nìyẹn.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan nínú wa dá àbá pé kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú àpò, kí a ra kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì, kọ̀ńdẹ́nsà àti púlọ́ọ̀gì ní páálí páálí, kí ó jẹ́ irú kan náà, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ àtijọ́ lè máa wá rà á ní ẹ̀dínwó. Àbá náà dùn létí, èrò rere ló sì bí i. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú oníṣòwò ń rí lórí owó ọkọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tí ìnáwó ọkọ̀ yóò fi dín kù, ọ̀rẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n "irú kan náà" tó wà nínú àbá yẹn ni èmi ta kò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dìbò lé e lórí.

Àwọn ọkọ̀ wa kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ wo iwájú ọgbà wa lọ́jọ́ ìpàdé. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 wà níbẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975, tò fún wa. Volkswagen tó rí bí ìjàpá wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó lọ́dún 1975 kan náà. Datsun àti Toyota àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òmíràn ti gba ọwọ́ onílé mẹ́fà kọjá, tí mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan sì ti fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Báwo ni ẹ̀yà kan ṣoṣo yóò ṣe bá gbogbo wọn mu? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Mo ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí rí, òun ló jẹ́ kí n lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Kọ́ìlì píkọ́ọ̀pù 504 mi kú. Mo mú òkú rẹ̀ dání, mo gba ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ lọ. Ọmọkùnrin tó ń tajà wò ó, ó na ọwọ́ sókè, ó gbé òmíràn wá. Gíga wọn dọ́gba, ìdí wọn dọ́gba, orí méjèèjì tí wáyà ń wọ̀ wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ìbejì ni wọ́n." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Mẹkáníìkì mi dè é mọ́lẹ̀, ọkọ̀ já lẹ́ẹ̀kan náà, iná rẹ̀ tilẹ̀ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kẹrin, a kó ata àti tòmátì fún àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, láti Ìsẹ́yìn bọ̀ wá sí Ìbàdàn. A ò tíì dé Mọ́níyà tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tó ń tá pàù-pàù, tó sì kú. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣe é fi kàn án. A dúró kí ó tutù, ó já, a rìn díẹ̀, ó tún kú. Báyìí la ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wa lójú ọ̀nà. Nígbà tí a ó fi dé ọjà lọ́jọ́ kejì, omi ti ń kán lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni àwọn ìyá wọ̀nyí fi ra ọjà náà o. Lóṣù yẹn, kò sí ẹni tó rí owó san padà bó ti yẹ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn oníduuró wọn ló sì gbà á rù. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ kọ́ìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan? Ọ̀rọ̀ àpò ẹgbẹ́ ni.

Mẹkáníìkì mi kò sinmi. Ó pààrọ̀ kọ́ńtáàtì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, ó pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́nsà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìgbà tó bá sì tú u ló ń ṣépè fún àwọn tó ń ṣe ayédèrú. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Àgbà kan nínú àwọn oníná ọkọ̀ tí a ń pè ní rìwáyà ló wá yọ wá nínú ìyà náà. Bàbá yìí kò fi ojú díwọ̀n nǹkan kan, mítà ló yọ jáde. Ó fi ẹnu mítà kan orí méjèèjì kọ́ìlì náà, ó ní, "Àbúrò, ohm kan ààbọ̀ ni mo rí níbí. Ọkọ̀ tìrẹ, mẹ́ta ló ń fẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí ó ti là á yé mi. Bátìrì ọkọ̀ wa jẹ́ 12 volt. Bí kọ́ìlì bá jẹ́ ohm 3, iná ampere 4 ni yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá jẹ́ ohm 1.5, iná ampere 8 ni yóò gba ibẹ̀ kọjá, ìlọ́po méjì gbáko. Gbogbo iná yìí ni kọ́ńtáàtì kékeré inú dísítíríbútọ̀ ń já, tó sì ń so padà. Ṣé kò wá ní jóná?

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: kọ́ìlì ohm 1.5 yẹn kì í ṣe ayédèrú. Iṣẹ́ gidi ni, ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ló ṣe é. Wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ tí wọ́n ti fi rẹsísítọ̀ kan sójú ọ̀nà wáyà rẹ̀, kí rẹsísítọ̀ náà lè bá kọ́ìlì pín ẹrù iná. Nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láti jí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí sítátà ń fa bátìrì wálẹ̀, iná á gba ẹ̀gbẹ́ rẹsísítọ̀ kọjá tààrà lọ sí kọ́ìlì, kí púlọ́ọ̀gì lè tanná dáadáa. Bí ọkọ̀ bá ti já, rẹsísítọ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tèmi kò ní rẹsísítọ̀ kankan. Bí a bá sì yí i padà, tí a gbé kọ́ìlì ohm 3 sí ọkọ̀ tó ní rẹsísítọ̀, iná rẹ̀ yóò rẹlẹ̀, ọkọ̀ yóò máa ṣòro jí láàárọ̀, epo tí kò jó tán yóò sì máa bá èéfín jáde. Owó epo lẹ ń dà nù yẹn.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé: ojúlówó tí kò bá ọkọ̀ rẹ mu, ìyà kan náà tí ayédèrú fi ń jẹni ló máa fi jẹ ọ́. A ti sọ ọ̀rọ̀ di "ojúlówó tàbí Taiwan" jù. Ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀gàn. Òmíràn wà níbẹ̀ tó dára gan-an. Ayédèrú tí wọ́n lẹ orúkọ olórúkọ mọ́ lára náà wà, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kìíní kọ́ ni pé "Ta ló ṣe é?" Ìbéèrè kìíní ni pé "Ṣé ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu?"

Iná ọkọ̀ dà bí agbo ilé. Bátìrì, kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì, kọ̀ńdẹ́nsà, rótọ̀, wáyà púlọ́ọ̀gì àti púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin bá ń yí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná 100 ló ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé kọ́ńtáàtì yóò ṣí, yóò sì padé, nígbà 360,000 láàárín wákàtí kan. Èèyàn wo ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ kì í jẹ? Lórí Volkswagen ìjàpá, àlàfo ẹnu kọ́ńtáàtì kò ju 0.4 mílímítà lọ. Bí gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì tí a rà bá rọ̀ jù, tó sì ń jẹ kíá, àlàfo yìí á máa dín kù, iná á máa pẹ́ kó tó dé, ọkọ̀ á di ọ̀lẹ lórí òkè. Àwa á ní ẹ́ńjìnnì ti gbó.

Kọ̀ńdẹ́nsà náà ńkọ́? Agolo kékeré yẹn ló ń gba iná sára nígbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, kí iná má baà fò kọjá kí ó sì jó ẹnu rẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré jù tàbí tó pọ̀ jù, irin á máa ṣí kúrò lójú kọ́ńtáàtì kan lọ lẹ̀ mọ́ èkejì. Ẹni tó bá rí kòtò lápá kan, tó rí òkè lápá kejì, kí ó yẹ kọ̀ńdẹ́nsà wò kí ó tó bú ẹni tó ta kọ́ńtáàtì fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 504, ẹ má kàn máa sọ fún ọlọ́jà pé "ti 504 ni." Láyé ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ bí i Ducellier àti SEV Marchal ló ń ṣe ẹ̀rọ iná fún àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé, kọ́ńtáàtì ọ̀kan kì í sì í ṣe ti èkejì. Orúkọ tó wà lára dísítíríbútọ̀ ni kí ẹ kà fún ọlọ́jà, kì í ṣe orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ nìkan.

Púlọ́ọ̀gì ló tilẹ̀ ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ mú púlọ́ọ̀gì NGK méjì, kí ọ̀kan jẹ́ B6HS, kí èkejì jẹ́ B6ES. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, páálí wọn jọra, kọ́kọ́rọ́ kan náà la fi ń tú wọn. Ṣùgbọ́n H yẹn ni pé ọrùn rẹ̀ gùn ní 12.7 mílímítà, E sì ni pé ó gùn ní 19. Volkswagen ìjàpá tó ń lo ọlọ́rùn kúkúrú, bí ẹ bá fi ọlọ́rùn gígùn sí i, púlọ́ọ̀gì á yọ sínú ibi tí epo ti ń jó, písítìnì sì lè gbá a. Nítorí lẹ́tà kan, ẹ́ńjìnnì lè lọ. Nọ́ńbà náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lọ́dọ̀ NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni púlọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Lọ́dọ̀ Bosch, òdìkejì rẹ̀ ni: bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ló ṣe ń gbóná tó. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan wá ti èkejì, bí ẹni ń fi òṣùwọ̀n gàrí wọn epo pupa ni.

Àwọn kan nínú wa ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò, wọ́n ti fi ẹ̀rọ iná ìgbàlódé tí kò ní kọ́ńtáàtì sí i. Mo bá wọn yọ̀, nítorí kò sí gìgísẹ̀ tí yóò jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ohm kọ́ìlì tí ẹ̀rọ náà lè gbà wà nínú ìwé tó bá a wá. Bí ẹ bá gbé e lé kọ́ìlì tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á jóná, kò sì ṣe é fi sáńpépà fọ̀ bíi kọ́ńtáàtì. Irú wáyà púlọ́ọ̀gì tó fẹ́ náà wà nínú ìwé yẹn. Ẹ má sì ṣe gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sórí iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ọgbọ̀n ọdún la ti ń fi ojú wò ó, ọkọ̀ ṣáà ń lọ." Mo gbà. Ojú mẹkáníìkì àgbà kì í ṣe ojú lásán, ohun tí ojú bá sì lè rí, ojú wọn á rí i. Ṣùgbọ́n ohm kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ohun tí ojú kò lè rí, ẹ jẹ́ kí a fi mítà rí i. Àwọn mìíràn á ní owó ò sí láti ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ díẹ̀ ni ká máa ṣe é. Òótọ́ ni pé owó ò sí. Ṣùgbọ́n mo ṣírò tèmi: kọ́ńtáàtì mẹ́ta, kọ̀ńdẹ́nsà méjì, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀marùn-ún, láìka apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó rà. Owó yẹn ì bá ra gbogbo ẹ̀yà tó bára mu, kó sì ṣẹ́kù. Àwọn tó dá àbá náà á sì bi mí pé, "Bí a ò bá rà á ní páálí, níbo ni ẹ̀dínwó yóò ti wá?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun ni mo fẹ́ dáhùn parí ọ̀rọ̀ mi.

Kí a tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ohun tí a ní. Kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ mú káàdì kan wá fún akọ̀wé. Orúkọ àti ọdún ọkọ̀, orúkọ tó wà lára dísítíríbútọ̀, ohm kọ́ìlì, bóyá ó ní rẹsísítọ̀ tàbí kò ní, àti nọ́ńbà púlọ́ọ̀gì, ni kí ó wà nínú rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ra mítà kan àti géèjì kan sí ọ́fíìsì wa, kí a sì bẹ rìwáyà tó mọṣẹ́ kí ó wá lọ́jọ́ ìpàdé, kí ó wọn ti gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí káàdì bá ti pé, a ó mọ iye ọkọ̀ tó ń lo irú kan àti iye tó ń lo òmíràn. Nígbà náà ni kí a wá ra ọjà, kí a rà á ní ìdìpọ̀ fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ́ìlì pẹ̀lú kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́nsà tó bá a mu. Ẹ̀dínwó á wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́jà tó mọ ohun tí wọ́n ń tà wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó, wọ́n wà ní Àràròmí ní Gate n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá máa ta ọjà fún wa, kí ó kọ nọ́ńbà ẹ̀yà sórí rìsíìtì, kí ó sì gbà pé a ó dá a padà bí mítà bá sọ pé kò bá a mu. Ọlọ́jà tó bá kọ èyí, ẹ jẹ́ kí a kí i pé ó dàárọ̀.

Èkejì, ní ti ẹ̀yáwó pàjáwìrì tí a ń yá fún àtúnṣe ọkọ̀, kí ìgbìmọ̀ má ṣe máa yá a fún ẹ̀yà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá padà wá tọrọ owó kọ́ńtáàtì lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́ta, kí a ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn iná ọkọ̀ náà. Kì í ṣe ìyà la fi ń jẹ ẹ́, a ń gbà á lọ́wọ́ ìyà ni.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ta kòkó lábẹ́ ẹgbẹ́, ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í da èyí tí kò gbẹ pọ̀ mọ́ èyí tó gbẹ, nítorí pé àpò kan ni olùyẹ̀wò yóò wò, àpò kan náà ni yóò sì dá padà. Ọkọ̀ wa kò yàtọ̀. Ẹ̀yà kan tí kò bára mu yóò sọ gbogbo ìyókù di aláìníláárí, yóò sì sọ ẹni tó fi ẹrù rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ di onígbèsè.

N kò sọ pé kí a pa àbá náà tì. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí a yọ "irú kan náà" kúrò nínú rẹ̀, kí a fi "èyí tó bára mu" sí i. Àwọn ìyá mẹ́ta tó pàdánù tòmátì lọ́jọ́ náà ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, wọn kò sì bú mi lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ̀rí-ọkàn mi ló ń bú mi. Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ire o.